Ìdánimọ̀ nípa ìṣesí: kí ló dé tí áàpù fi ń ṣọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ fóònù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìwé àdéhùn tí áàpù máa ń gbé síwájú wọn kí wọ́n tó tẹ "Mo gbà". Àwọn díẹ̀ tó ń kà á ti ń rí gbólóhùn kan tó ń kọ wọ́n lóminú: pé áàpù náà, pàápàá jù lọ ti báńkì, yóò máa ṣàkójọ bí oníbàárà ṣe ń tẹ lẹ́tà, bó ṣe ń fi ìka fa ojú fóònù, àti bó ṣe ń gbé fóònù dání. Tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá ti bọ́ sórí ayélujára, kíá lọ̀rọ̀ á dàrú. Ẹnì kan á ní wọ́n ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ òun. Ẹlòmíì á ní kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wo òun. Àwọn kan á sì ní kò sí bàbàrà níbẹ̀, ààbò lásán ni. Kò sí èyí tó jóòótọ́ délẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Behavioral biometrics ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú àlàyé yìí, ìdánimọ̀ nípa ìṣesí la ó máa pè é.

Kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú títẹ lẹ́tà. Bí ìka yín bá balẹ̀ sórí lẹ́tà kan, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Àkókò kékeré mìíràn tún wà láti ìgbà tí ìka kúrò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dìgbà tó kan èkejì. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka méjèèjì, orí wọn sì ni iṣẹ́ náà dúró lé jù. Orúkọ yín, fún àpẹẹrẹ, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, ìka yín ti mọ ọ̀nà. Àwọn lẹ́tà kan á tẹ̀ lé ara wọn fìrì, ẹ ó dá dúró díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ti ní láti ré kọjá sí òdìkejì, ẹ ó tún sáré parí rẹ̀. Ẹlòmíì lè mọ orúkọ náà dáadáa, kó tẹ̀ ẹ́ láìṣi lẹ́tà kan, síbẹ̀ ìdádúró tirẹ̀ kò ní bọ́ síbi tí tiyín máa ń bọ́ sí.

Lórí fóònù, ohun tí wọ́n lè wọ̀n pọ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn ẹ̀yà inú fóònù máa ń mọ̀ bó bá mì, bó bá dagun tàbí bó bá yí. Áàpù lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún lẹ fi gbé e, bó ṣe tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, àti bó ṣe ń gbọ̀n fìn-ín bí ìka bá ti kàn án. Bí ẹ bá fa ojú fóònù sókè, kì í lọ ní ọ̀nà tààrà. Ó máa ń kọ kọ̀rọ̀ díẹ̀, kọ̀rọ̀ tiyín sì yàtọ̀ sí tẹlòmíì. Lórí kọ̀ǹpútà, ipa ọ̀nà tí mouse ń tọ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo ìrìn ẹsẹ̀: fóònù tó wà nínú àpò lè dá olówó rẹ̀ mọ̀ nípa bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tí ẹ bá ti lo áàpù náà, yóò ti ní àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni yóò máa fi ìṣesí yín wé àkọsílẹ̀ yẹn, tí yóò sì máa fún un ní máàkì. Bí máàkì bá ga, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ó lè ní kí ẹ tún tẹ̀ka, ó lè dá owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ dúró, tàbí kó ti yín jáde. Ibi tó ti yàtọ̀ sí páswọ́ọ̀dù nìyí. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni páswọ́ọ̀dù ti ń béèrè ẹni tó ń wọlé, èyí ń bá iṣẹ́ lọ títí ẹ ó fi pa áàpù dé.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń tẹ́tí sí rédíò ọ̀tá máa ń dá oníṣẹ́ rédíò kan mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ nípa bó ṣe ń tẹ àmì Morse, ìyẹn àmì kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà. Wọ́n lè má mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ kan náà bá dún láti ibòmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á mọ̀ pé ikọ̀ ọmọ ogun tí oníṣẹ́ náà bá rìn ti ṣí nípò.

Ní ọdún 1980, ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé 7 ni wọ́n lò, wọ́n ní kí wọ́n tẹ àwọn ìwé kan, wọ́n sì tún pè wọ́n padà lẹ́yìn oṣù 4 láti tẹ̀ wọ́n. Àkókò tó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà tó láti fi ya wọn sọ́tọ̀. Ènìyàn 7 kò tó fìdí ohunkóhun múlẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní 2012, DARPA, ẹ̀ka ìwádìí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti wá ohun tó lè rọ́pò páswọ́ọ̀dù gígùn lórí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní 2013, Coursera, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ lórí ayélujára, ń fi ìlù ọwọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn bí ìka ṣe ń yára àti bó ṣe ń dá dúró láàárín lẹ́tà, dá akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí mọ̀. Ní 2015, Google fi iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Project Abacus hàn, èyí tí wọ́n gbèrò pé kó jẹ́ kí fóònù máa dá olówó rẹ̀ mọ̀ láìbéèrè páswọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún: Mastercard ra NuData ní 2017, LexisNexis Risk Solutions ra BehavioSec ti ilẹ̀ Sweden ní 2022.

Kí ló wá jẹ́ kó gbòde tó báyìí?

Nítorí pé àwọn ohun tí a ti ń fi dá ara wa mọ̀ ti di ohun tí olè lè gbà lọ́wọ́ wa. Páswọ́ọ̀dù ti di ọjà tí wọ́n ń tà fún ara wọn. Nọ́ńbà OTP tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, gbájú-ẹ̀ lè fi ojú ewé ayédèrú gbà á, tàbí kó tan ilé iṣẹ́ fóònù jẹ títí wọn á fi gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tirẹ̀. Ìtẹ̀ka le jù láti jí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jí i, ó tán, nítorí kò sí ẹni tó lè pààrọ̀ ìka. Ní 2015, nígbà tí wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìtẹ̀ka ènìyàn mílíọ̀nù 5.6 ni wọ́n jí lọ. Ní tojú àti ohùn, ẹ̀rọ tó ń ṣe àwòrán àti ohùn ayédèrú ti sọ wọ́n di ohun tí a kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí mọ́.

Òfin náà tún tì í síwájú. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2019 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ẹ̀rí tí kò dín ní méjì hàn nínú mẹ́ta: ohun tó mọ̀, ohun tó ní lọ́wọ́, àti ohun tó jẹ́ ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àjọ tó ń ṣàkóso báńkì Yúróòpù, EBA, ti sọ pé bí ènìyàn ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, àti igun tó máa ń gbé fóònù sí, lè wọ inú ìsọ̀rí kẹta. Ọ̀rọ̀ náà di ti ìwé àṣẹ nìyẹn.

Òfin kejì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2024, bí gbájú-ẹ̀ bá tan ènìyàn títí tó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́, báńkì ni yóò dá owó náà padà, tó fi dé £85,000. Báńkì tó fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á ni yóò jọ pín in san ní ìdajì-ìdajì. Tẹ́lẹ̀, báńkì lè sọ pé oníbàárà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ní báyìí tí owó ń jáde lápò báńkì, ó di dandan kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń tan ènìyàn lọ́wọ́, kí owó tó kúrò nílẹ̀.

Báwo ló ṣe ń tú gbájú-ẹ̀ fó?

Ibí yìí ló yẹ ká farabalẹ̀ sí, nítorí ó kọjá kí a kàn mọ̀ bóyá ẹni àná náà ni ti òní.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi orúkọ olórúkọ ṣí àkáǹtì. Fọ́ọ̀mù náà kò ṣàjèjì sí i, ó ti kún irú rẹ̀ rẹpẹtẹ; ó mọ ibi tí bọ́tìnnì tó kàn wà kí ojú ewé tó jáde tán. Ṣùgbọ́n tó bá kan ọjọ́ ìbí, ọwọ́ rẹ̀ á fà. Á dá dúró, á wo ibi tó kọ ọ́ sí, á padà wá, tàbí kó kàn kọ́pì rẹ̀ kó sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Òdìkejì èyí ni olórúkọ gan-an máa ń ṣe. Fọ́ọ̀mù á rú u lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ á ti ìka rẹ̀ jáde láìronú.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù tí wọ́n jí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkáǹtì. Ìlù ọwọ́ rẹ̀ máa ń dọ́gba jù. Mouse rẹ̀ á lọ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á. Fóònù tó ní òun wà lọ́wọ́ ènìyàn kò mì rárá nígbà tí "ìka" ń kàn án.

Èyí tó ṣòro jù ni ìgbà tó jẹ́ pé oníbàárà gan-an ló di fóònù mú, tí gbájú-ẹ̀ sì wà létí rẹ̀, tó ń ní òun ń pè láti báńkì, pé kó tètè kó owó rẹ̀ lọ sí àkáǹtì tí kò léwu. Páswọ́ọ̀dù tọ̀nà, ìtẹ̀ka tọ̀nà, fóònù náà ni tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rí ìdánimọ̀ kan tó lè sọ pé nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣesí ti yí. Ẹni náà gbé fóònù létí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ wá síwájú ojú, ó tún gbé e padà. Ó ṣí ojú ewé ìfowóránṣẹ́, ó dúró láìṣe nǹkan kan. Lórí kọ̀ǹpútà, mouse á máa yí kiri lórí ibi tí kò sí nǹkan kan, bí ẹni tó ń retí àṣẹ. Nọ́ńbà àkáǹtì á máa wọlé ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ìdádúró láàárín, nítorí ẹnì kan ló ń kà á sí i létí. Bí áàpù bá rí gbogbo èyí papọ̀, ó lè dá owó dúró kó sì béèrè pé: ṣé ẹnì kan ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí? Ìbéèrè yẹn lásán lè mú kí ojú ẹni tí wọ́n ń tàn là.

Ṣé kì í ṣì?

Ó máa ń ṣì. Ọ̀nà méjì ló sì ń gbà ṣì: ó lè gba àlejò wọlé, ó lè ti onílé síta. Bí wọ́n bá mú un le kí àlejò má wọlé, onílé á máa jìyà. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, àlejò á rí àyè. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wo ibi tí àṣìṣe méjèèjì bá ti dọ́gba, láti fi mọ bí ọ̀nà kan ṣe dára tó.

Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní kí ènìyàn 51 tẹ páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nígbà 400 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dán ọ̀nà ìṣirò 14 wò lórí rẹ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn ṣì ń ṣì ní ìwọ̀n ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn pọ̀ ju kí ènìyàn fi owó rẹ̀ lé e lọ. Fífa ojú fóònù ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lórí ènìyàn 41, àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí bó bá jẹ́ ìjókòó kan náà, ó wà láàárín ìdá 2 àti ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìjókòó kan sí òmíràn, kò sì dé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kíyè sí i pé bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni àṣìṣe ń lé sí i. Ènìyàn máa ń yí padà. Ẹni tó fi ọ̀bẹ ṣá ara rẹ̀ níka, ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, ẹni tó ra fóònù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo wọn lè di àlejò lójú áàpù tiwọn.

Àwọn olè náà kò sùn. Ní 2013, àwọn olùwádìí fi hàn pé bí ènìyàn bá rí àkọsílẹ̀ ìlù ọwọ́ ẹlòmíì, tí ẹ̀rọ sì ń sọ fún un níbi tó ti yá jù tàbí tó ti pẹ́ jù, ó lè kọ́ ọ títí á fi jọ ọ́. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n to láti ara ohun ìṣeré Lego fa ojú fóònù bí ènìyàn, wọ́n sì fi tan irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ.

Nítorí náà ni kò fi sí onímọ̀ gidi kan tó ń sọ pé kí á fi èyí nìkan ṣọ́ àkáǹtì. Ìlànà tí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, gbé jáde ní 2017 sọ ọ́ kedere pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ara tàbí ìṣesí, pẹ̀lú ohun kan tí oníbàárà ní lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa lò ó.

Ṣé wọ́n ń ka ohun tí mò ń kọ?

Àkókò ni ètò yìí nílò, kò nílò lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe é dáadáa kì í tọ́jú ohun tí ẹ kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù báńkì kò lè máa wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ nínú áàpù mìíràn. Ètò inú fóònù kò gbà á láyè. Kò sì sí kámẹ́rà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, nítorí àkókò fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Láti 2001 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àlàfo láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà, láìrí lẹ́tà kankan, lè dín iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ mọ páswọ́ọ̀dù kù. Ní 2016, àwọn olùwádìí tó wá láti MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé láti ara bí ènìyàn ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n lè rí àmì àìsàn Parkinson ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oríire ni èyí fún dókítà. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Lójú tèmi, ibí yìí ni gbogbo àríyànjiyàn náà ti ta kókó: àkọsílẹ̀ kan náà tó ń dáàbò bò yín ló mọ àárẹ̀ yín, ọtí tí ẹ mu, àti àìsàn tí ẹ̀yin gan-an kò tíì mọ̀.

Kí ni òfin sọ?

Ó dá lórí ibi tí ẹ wà. Òfin dátà Yúróòpù, GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2018, dárúkọ ìṣesí ní tààrà nínú ohun tó pè ní biometric data, ìyẹn dátà tó ti ara tàbí ìṣesí ènìyàn wá, ó sì fi ìdè tó le sí i bó bá jẹ́ láti dá ènìyàn mọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ Illinois ti 2008, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rù jù, dárúkọ ìtẹ̀ka, ohùn, ẹyinjú, àwòrán ọwọ́ àti ti ojú. Kò dárúkọ títẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí ìrìn. Ti California sì dárúkọ méjèèjì. Oníbàárà méjì lè máa lo áàpù kan náà, kí òfin dáàbò bo ìlù ọwọ́ ọ̀kan, kó má ka ti èkejì sí nǹkan kan.

Ibo ni àríyànjiyàn náà wà?

Àwọn tó ń ṣọ́ owó ní báńkì ń sọ pé bí àwọn bá ní kí oníbàárà yàn bóyá òun fẹ́ ẹ tàbí òun kò fẹ́ ẹ, àwọn olè ni yóò kọ́kọ́ sọ pé àwọn kò fẹ́. Wọ́n ní ìwọ̀n táìmù lásán ni, pé kò sí ẹni tó jókòó tó ń wò ó.

Àwọn tó ń jà fún ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni ń dáhùn pé ohun tí ènìyàn kò mọ̀ pé wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun, kò lè sọ pé òun fọwọ́ sí i. Wọ́n ní tí ìlù ọwọ́ bá lè dá yín mọ̀ ní báńkì, ó lè dá yín mọ̀ níbi tí ẹ kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ yín, bí akọ̀ròyìn tó ń fi orúkọ bòńkẹ́lẹ́ kọ̀wé. Ìyẹn ló fà á tí àwọn onímọ̀ ààbò méjì fi ṣe ohun èlò kan fún Chrome ní 2015, tó ń da ìlù ọwọ́ rú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Àwọn tó ní ìpèníjà ara náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, wọn kì í sì gbọ́ tiwọn tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tó ń fi ohùn darí fóònù, ìṣesí rẹ̀ lónìí lè má jọ ti àná rárá. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, òun ni wọ́n á máa tì síta lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tó ń mú ìhà méjèèjì sún mọ́ra díẹ̀: kí àkọsílẹ̀ ìṣesí dúró sínú fóònù oníbàárà, kó jẹ́ máàkì nìkan ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ báńkì. Kò rọrùn, nítorí gbájú-ẹ̀ tó bá ti gba fóònù náà lè ṣe ayédèrú máàkì, báńkì sì fẹ́ràn kí dátà wà lọ́wọ́ òun kó lè fi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn wé ara wọn.

Kí ló yẹ kí n mọ̀ báyìí?

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe ń lo ẹ̀rọ, kí ẹ sì wo ohun mẹ́ta: ṣé ààbò nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́, ta ni wọ́n sì ń fún. Níbi tí GDPR bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù tàbí tí ọwọ́ yín bá ní ọgbẹ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí áàpù bá ń béèrè ẹ̀rí léraléra fún ìgbà díẹ̀. Inú áàpù náà ni yóò ti béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pè yín lórí fóònù, tó ní ìṣesí yín ti yí padà lọ́dọ̀ àwọn, pé kí ẹ ka OTP fún òun kí àwọn lè tún un ṣe, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù náà.